Ẹsẹ̀ Mélòó?

Ẹ máa ń bi mí bí mo ṣe di ọmọ ọkọ̀ èéfín.
Irọ́ ni mo fi wọ̀ ọ́.
Mo ti òkè Bùnú sọ̀kalẹ̀ dé Lọ́kọ́ja
pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan,
ìkejì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà Kàbà títí dòní.
Akọ̀wé ní, "Ṣé o mọ omi?"
Mo ní, "Omi kẹ̀? Láti kékeré la ti jọ ń jẹun."
Omi tí mo mọ̀ nígbà náà,
inú kèrègbè ló ń gbé.

Wọ́n fún mi ní ọ̀pá gígùn,
wọ́n ní kí n dúró sí imú ọkọ̀,
kí n máa kì í bọ Ọya,
kí n máa ké iye ẹsẹ̀ tí omi fi jìn.
"Ẹsẹ̀ mẹ́jọ!" Kápítéènì á mi orí.
"Ẹsẹ̀ mẹ́fà!" Á yọ páìpù lẹ́nu.
"Ẹsẹ̀ mẹ́rin!"
Ìgbà yẹn ni Jìyà, alásè wa ará Tápà
(orúkọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èpè),
á yọjú láti ilé ìdáná tòun tọ̀bẹ:
"Ẹsẹ̀ mẹ́rin? Ewúrẹ́ ti dé nìyẹn!"

Gbogbo èbúté tí àwọn èèyàn wa bá dúró sí,
wọ́n á nawọ́ sókè: "Okun o! Okun o!"
Kápítéènì bi ògbufọ̀,
ọmọ Ẹ̀gbá tí kò gbọ́ ju èdè ilé ìyá rẹ̀ lọ.
Ògbufọ̀ ní, "Sà, wọ́n ní òkun ló kù níwájú."
Kápítéènì tú àwòrán odò sílẹ̀,
ó fìka wá òkun kiri,
òkun tó yẹ kó ṣì jìnnà tó ọ̀sẹ̀ méjì.
Aṣọ òjò ló wọ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ké ẹsẹ̀ méjì rí, lọ́sàn-án gangan, nísàlẹ̀ Ẹ̀gán.
Kí n tó pe ẹyọ kan, ọkọ̀ ti jókòó.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ọjọ́ kìíní, a bú iyanrìn.
Ọjọ́ kẹta, a bẹ̀ ẹ́.
Nígbà tó di ọjọ́ keje, ìrẹsì tán,
Jìyà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ológbò Kápítéènì tìfẹ́tìfẹ́.

Kápítéènì ní ká ta àsíá pupa.
Àsíá pupa kò sí.
Ìyá Ọmọ́níwà, èrò ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tú ẹrù rẹ̀,
ó yọ aṣọ ìpò kan, pupa fòò.
Ó ní, "Ẹ ó dá a padà o," a sì ta á sókè.
Ẹni tó bá mọ Bùnú mọ̀:
aṣọ yẹn kì í fẹ́ lásán,
àfi tí ẹni ńlá bá sùn.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ ọpọ́n ti yí wa ká,
ẹkún lọ́tùn-ún, ẹkún lósì,
iṣu nínú ọkọ̀ kan, ọtí nínú èkejì.
"Ta ni? Ta ló lọ?"
A wo ojú ara wa.
Mo na ọ̀pá mi sí ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́.
"Òun ni."
Wọ́n sunkún rẹ̀ dáadáa. A jẹun, a mu.
Wọ́n wá bọ́ sómi, wọ́n fi èjìká ti òkú wa,
òkú sì ṣí.

Wọ́n ti gé ọkọ̀ náà tà bí àlòkù irin.
Jìyà ti lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bọ̀.
Ọ̀pá ló kù, mo fi ń ká máńgòrò.
Ṣùgbọ́n lọ́dún tí Ọya wá kí mi nílé, ní Àdánkólò,
tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
tó gba orí ẹní, tó gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
àwọn ọmọ ọmọ mi wà lórí òrùlé, wọ́n ń ké.
Mo gun orí tábìlì, mo ki ọ̀pá bọ yàrá ara mi:
"Ẹsẹ̀ mẹ́rin!"
Ẹ̀rín ta lókè.
N kò sọ fún wọn pé títí dòní n kò mọ odò wẹ̀.
Mo kàn yí ojú sí ilé ìdáná,
bóyá ẹnìkan á yọjú tòun tọ̀bẹ.