Oògùn Ọgbọ̀n Ọjọ́

Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ fún wọn.
Mẹ́rìnlá ni wọ́n, ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù kan náà lọ́rùn gbogbo wọn,
orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn gàdàgbà lẹ́yìn bíi ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.
Tírélà Ògèrè dá wọn dúró di alẹ́;
orin káàbọ̀ ti gbẹ lọ́fun àwọn ọmọdé,
ìkọ́kọrẹ́ ti dì nínú ìkòkò
kí iná ọkọ̀ wọn tó yọ sí wa ní Ìpara.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi ọdán.
Ìlà gùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí kànga.
Onímàle wá. Ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rí wá.
Bọ̀ọ̀dá kan fa ewúrẹ́ wá,
mo ní, ẹ dákun, ènìyàn nìkan ni o.
Ó ní, ṣé wọn ò mọ ewúrẹ́ nílùú wọn ni?

Ìyá Ṣódípẹ̀ jókòó níwájú Dókítà Líndà.
Níbo ló ń dùn yín, mà?
Ó ní: "Sọ fún un pé òkúta wà láyà mi
láti ọjọ́ tí Adétutù ti wọ bààlúù.
Ọdún kẹsàn-án rèé, fóònù kan kò dún."
Mo wo dókítà. Mo wo ìyá.
Mo ní: àyà ń dùn ún.
Odidi ọdún mẹ́sàn-án gba etí mi wọlé,
ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gba ẹnu mi jáde.
Wọ́n wé rọ́bà mọ́ ọn lápá, wọ́n fẹ́ ẹ títí ó fi le.
Ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní. Wọ́n ka ọgbọ̀n hóró sínú ọ̀rá kékeré,
ọ̀kan láràárọ̀.
Dókítà wá di ìyá lọ́wọ́ mú, ó dijú, àdúrà rẹ̀ pẹ́.
Ìyẹn kò wá ògbufọ̀.
Ìyá sunkún. Ó ní ọwọ́ náà rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ òun.

Lẹ́yìnkùlé, àwọn yòókù ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí.
Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ amòfin
ń po sìmẹ́ńtì bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà.
Bàbá Ṣómóyè, bíríkìlà wa, káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.
Ogójì ọdún ló ti fi to búlọ́ọ̀kù,
oṣù kejì rèé tí ẹnikẹ́ni kò pè é síṣẹ́.
Ó ní kí n bi wọ́n léèrè:
èló ni owó bààlúù ẹnì kan?
N kò bi wọ́n.
Ẹnu ògbufọ̀ ní ilẹ̀kùn;
èmi ni mo sì ń tì í.

Kí n má parọ́, inú mi dùn lọ́sẹ̀ náà.
Wọ́n jẹ òjòjò, wọ́n lá ọwọ́.
A kọ́ wọn ní ìkíni, ọkùnrin wọn kan fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀
bí ìyàwó ojú ọ̀nà, a rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wá.
Ọmọ Mọrẹ́nikẹ́ tí ibà fẹ́ẹ́ pa, wọ́n fa omi sí i lára,
ó ń lé adìyẹ kiri lónìí.
Ta ni yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ kẹwàá, wọ́n lọ.
Ògiri dúró sí orí fèrèsé.
Bàbá Ṣómóyè gbé okùn àti ìwọ̀n rẹ̀ jáde,
ó ń to ó lọ díẹ̀díẹ̀
nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ obìnrin bá rówó àpò sìmẹ́ńtì kan.

Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n,
Ìyá Ṣódípẹ̀ kanlẹ̀kùn mi kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ọ̀rá kékeré náà wà lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a gbẹ.
"Ọmọ mi, ó tán. Ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀?"
Mo lanu.
Kò sí ẹni tí mo fẹ́ túmọ̀ fún mọ́,
kò sì sí ilẹ̀kùn tí mo lè tì.
Mo wá bàtà mi. Mo ní, mà, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìṣarà,
ká bi ọsibítù ìjọba léèrè iye tí ọgbọ̀n hóró jẹ́.
Bí a ṣe ń retí alùpùpù,
mo ní kí wọ́n tún ti Adétutù sọ fún mi,
láti ìbẹ̀rẹ̀,
kí wọ́n má fo ohunkóhun.