Wọ́n Ní Mo Jókòó Sílé

Aago márùn-ún ààbọ̀, ara ti jí kí n tó jí.
Ẹsẹ̀ ń wá bàtà dúdú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ọwọ́ ń wá ṣẹ́ẹ̀tì tí mi ò lọ̀.
Ó pé oṣù mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀,
ara ò tíì rí lẹ́tà tirẹ̀ gbà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú fáìlì
ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.
Mo mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ Bọ́lọ́rundúró sùn sí,
mo mọ èyí tí ikán ti bá wọn pín níbẹ̀.
Bí Ọ̀gá Ọ̀ṣúntóyìnbó bá wúkọ́, gbogbo wa a ṣíwèé.
Èmi náà wúkọ́ lánàá.
Ewúrẹ́ kan gbójú sókè, ó wò mí,
ó ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ.

Tábìlì oúnjẹ ti di ọ́fíìsì.
Abẹ́rẹ́ ńlá, òwú, páálí,
àtè ẹ̀kọ tí mo rò nínú ìkòkò ọbẹ̀ Morẹ́nikẹ́
(ó ti ń wá a láti ìdájí).
Mo ń di ìwé:
Bíbélì tí Jẹ́nẹ́sísì rẹ̀ ti já kúrò lára Ẹ́kísódù,
ìwé orin tí òógùn ọwọ́ akọrin ti jẹ létí,
ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
tí gbèsè inú rẹ̀ wúwo ju páálí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ìyá Dúródọlá yọjú lójú fèrèsé:
"Bàbá Ọmọ́ladùn, ṣebí ẹ jókòó sílé,
ẹ bá mi ṣọ́ láfún tí mo sá, òjò ń ṣú."
Ará ilé kejì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi.
Ẹni tó ń pín ìwé owó iná
ń bi mí léèrè gbogbo ojúlé.
Mo jókòó sílé. Òótọ́ ni.
Ẹ bi ìbàdí mi.

Màmá mi pè láti Ìpetu:
"Ṣé wọn ò lé ọ?"
Ó bi mí bí ara ṣe wà, ó bi mí nípa òjò,
ó tún padà:
"Sọ fún mi, ṣé wọn ò lé ọ?"

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ló máa ń dùn mí jù.
Fóònù a máa dún lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀.
Mo gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ìgò epo tó ti tán.

Tíṣà Ògúndàmísí gba ìwé mẹ́rìnlélógún, ó ní ọ̀la.
Ọ̀la rẹ̀ ti pé ọjọ́ mọ́kànlá.
Mo jí lọ bá a ní Òkè-Omirú.
Ó ní òun fẹ́ jáde, kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
N ò mọ ìgbà tí orúnkún mi tẹ̀.
Mo kàn rí i pé mo ti lóṣòó níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀
bíi Lajúwòmí, baba baba mi,
tó gbé aṣọ àwìn dé Àkókó,
tó ní òṣó lòun máa ló,
wọn ò gbọ́dọ̀ gbé àga wá,
àfi bí owó òun bá pé.
Baba mi sá fún òṣó yẹn.
Torí ẹ̀ ló ṣe rán mi níwèé,
kí n lè rí àga jókòó.
Tíṣà wò mí títí. Ẹ̀rín pa á.
Ó wọlé lọ kó owó wá. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì.

Ní Ẹrẹ́jà, Kọ́lápọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ juwọ́ sí mi,
kò dúró, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún.
Àyà mi sáré tẹ̀lé e dé orígun,
ó tún padà wá bá mi.

Ọmọ́ladùn tó gba ọlidé ti fa ìlà sórí ìwé àjákù.
"Dádì, ẹ pẹ́. Ẹ buwọ́ lù ú níbí."
Mo buwọ́ lù ú.
Àtè ti dì nínú ìkòkò.
Mo gbé e padà sórí iná
kí Morẹ́nikẹ́ tó dé.