Ọkà Tútù

Òjò oṣù kẹsàn-án ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní Ọ́kínì.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rọ̀,
báálì wa dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí.
Erchie Flett, ní òdìkejì ògiri òkúta,
ṣì ń dúró de oòrùn:
ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wo òkun,
bí ẹni pé oòrùn á bá ọkọ̀ ojú omi dé.

Ẹni eji rí leji ń pa.
Èmi ò dúró.
Mo ní kí Sweyn gbé ẹ̀rọ ìkórè wọ oko,
ká kó o bẹ́ẹ̀, ní tútù.

Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí orúnkún.
"Ọkà tútù," ó ní, "ọkà òfò ni."
Ó rántí ọdún tí òkìtì báálì rẹ̀ gbóná lóru,
tó ń rú èéfín bí ìkòkò ọbẹ̀,
tí a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí a yára fà á yọ.
Ó bu, ó dúdú,
oyún bàjẹ́ lára màlúù méjì.
Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di Kérésì.

N ò bá a jiyàn.
A da ọkà sẹ́nu ẹ̀rọ,
irin róbótó méjì ń yí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ.
A wọ́n ásíìdì sí i, lítà mẹ́rin sí tọ́ọ̀nù kan.
Ó ta mí nímú, ó fa omi lójú Sweyn,
ó jẹ ìka ìbọ̀wọ́ mi títí ó fi lu.
Katakata gùn ún, ó lọ, ó bọ̀,
kí afẹ́fẹ́ má ráyè jókòó.
A fi ọ̀rá dúdú bò ó,
a to táyà lé e, mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mo kà wọ́n.
Ìyókù di iṣẹ́ òkùnkùn.

Oṣù kìíní. Ilẹ̀ mọ́ laago mẹ́sàn-án,
ó fẹ́ẹ̀ ṣú laago mẹ́ta.
Mo ká igun ọ̀rá kan sókè.
Kò gbóná.
Kò bu.
Ó kan díẹ̀ nímú, bí omi ògì ọjọ́ kẹta.
Àwọn màlúù ti gbọ́ ìró ṣọ́bìrì,
wọ́n na ọrùn, èémí wọn funfun nínú òtútù,
ahọ́n wọn lá ìdí ọpọ́n mọ́ tónítóní.
Erchie kọjá, ó dúró díẹ̀,
ó béèrè èló ni lítà kan.

Bàbá mi ní kí n bu díẹ̀ wá.
Ó gbé e símú. Ó fi eyín tó kù fọ́ ẹyọ kan.
Ó pẹ́ kó tó lanu.
"Ó ṣì tutù," ló sọ.
Kò dá a padà fún mi.
Ó dì í mọ́wọ́ títí oorun fi gbé e lọ.