Ẹ̀gún Ojú Fèrèsé

Ọgọ́fà ọjọ́ gbáko ni afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́ ní Sábólì.
Ó dógò tì wá bí ẹni tó wá sin gbèsè,
iyanrìn rẹ̀ a wọnú àwo, a wọnú oorun,
a bá wa jẹun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Mo gbé ẹ̀rọ amúlétutù wálé láti Máṣádì.
Ọmọ-ọmọ tó rí ṣe ni mí, mo fẹ́ kí àdúgbò mọ̀.
Mo gbé e kọ́ ara ògiri amọ̀ Násíbíbí, ìyá ìyá mi,
mo ti fèrèsé pa, mo fi àkísà dí gbogbo ihò.
Ilé tutù lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta
ètè ìyá ti là bí ilẹ̀ adágún Hámúnù,
adágún tí bàbá mi fi ọkọ̀ esùsú wà lọ́mọdé,
tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ báyìí.
Ọ̀fun mi gbẹ bí ewé tábà.
Lóru, Gulàfúrú àbúrò mi ta jí,
ẹ̀jẹ̀ ń kán tótó nímú rẹ̀.

Ìyá ò bá mi wí.
Dòjé ló nà sí mi:
"Lọ gé ẹ̀gún ràkúnmí wá."
Mo gé e, mo ń ké.
Ó ní, "Ẹ̀gún á gúnni kí ilé tó gún."

A fi okùn dì í mọ́ igi, a fi dí ojú fèrèsé
níhà àríwá, níbi tí oníyanrìn ti ń wọlé.
"Omi ńkọ́?" mo bi í,
torí ọkọ̀ olómi ò tíì yà láti ọjọ́ Ẹtì.
Ó nawọ́ sí korobá kan lábẹ́ àga:
omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì àná,
omi ẹsẹ̀ Gulàfúrú,
gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò tíì.
Ẹ̀gún kì í ṣa omi.

Mo fi ife bù ú, mo rọra dà á látòkè.
Afẹ́fẹ́ já lù ú,
ó bọ́ iyanrìn sílẹ̀ lóde bí àlejò tó bọ́ bàtà,
ó wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ara rẹ̀ rọ̀,
ó ń ta sánsán bí koríko lẹ́yìn òjò,
òjò tí a ò rí lọ́dún mẹ́ta.

Ìyá fi ahọ́n tọ́ ètè rẹ̀ wò.
Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ.
Ó wo ọwọ́ mi, tí ẹ̀jẹ̀ bò,
ó ní kí n fọ̀ ọ́,
ṣùgbọ́n orí korobá ni kí n ti fọ̀ ọ́.