Páálí Abẹ́ Pijó

Láràárọ̀, kí n tó gbé omi matê kaná,
mo máa ń fa páálí yọ lábẹ́ Pijó
bí ẹni ń fọwọ́ kan ibùsùn ọmọ bóyá ó tún ti tọ̀ sílé.
Ó tún ti tọ̀ sílé.
Ẹ̀kán kan fẹ̀ tó owó pésò mẹ́wàá,
òmíràn gùn tín-ín-rín bí ìrù eku.
Delmira yọjú ní fèrèsé ilé ìdáná, ó ní,
"Nicanor, ta ló kú fún ọkọ̀ yìí tó fi ń sunkún?"

Pijó 404 ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù.
Irun àgùntàn ọdún méjì ni bàbá mi fi rà á
nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán lé màlúù lẹ́bàá Tacuarembó.
Ó ti ru òpó wáyà, ó ti ru àgbò tó ṣẹ́sẹ̀,
ó ru èmi àti ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì;
aṣọ Delmira funfun nígbà tó gòkè,
kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀.
Ẹ má sọ fún un pé mo sọ ọ́.

Mo ní òkè ni. Ohun tó bá kán sílẹ̀, òkè ló ti wá.
Mo ṣí ìdérí fáàfù, mo fi ọ̀bẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò
wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, bí ẹni ń ha èèpá ìdí ìkòkò,
mo tẹ́ tuntun, mo di bóòtù, mo tún un dì,
ìbínú wọ ọwọ́ mi, mo tún un dì.
Kóòkì náà là sí méjì.
Mo ra òmíràn. Ìyẹn ò là.
Páálí tutù síbẹ̀.

Mo ní ìsàlẹ̀ ni.
Oṣù Keje, tí ìrì dì gbagidi lórí koríko,
mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mo tú àwo ọ́ìlì.
Èyí tó kù nínú rẹ̀ ṣàn gba apá aṣọ mi dé abíyá.
Páálí tutù.

Mo ní ẹ̀yìn ni. Waldemar aládùúgbò wá,
a sọ gíá kalẹ̀ nítorí síìlì kan tí kò ju ẹ̀gbà ọwọ́ lọ:
ọjọ́ mẹ́ta, ìgò wáìnì mẹ́ta, ìka kan tó bó.
Páálí...
ẹ̀yin náà mọ̀.

Delmira ló gbé ìyẹ̀fun jáde.
"Bí ìyá mi bá fẹ́ mọ ihò tí eku ń gbà wọlé,
ìyẹ̀fun ló máa ń kù sílẹ̀ lálẹ́."
Mo fi kẹrosíìnì wẹ ẹ́ńjìnnì títí mo fi rí àwọ̀ irin rẹ̀,
mo nù ún gbẹ, ó bu ìyẹ̀fun lù ú
bí ẹni fẹ́ dín ẹja,
mo tan ọkọ̀ náà.
A dúró. A ò sọ̀rọ̀.
Òkè rin. Ìsàlẹ̀ rin. Ẹ̀gbẹ́ rin.
Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì pàápàá ti yọ ara rẹ̀ sókè ní ìka kan
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ.
Ibi gbogbo kọ́ ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó:
nǹkan kan ń tì í láti inú.

Mo wá họ́ọ̀sì kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí,
èyí tí n kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú.
Èédú ọ́ìlì ti dí i pa, agbọ́n sì ti fi amọ̀ dé e lẹ́nu.
Láti ìgbà náà ni mo ti ń di ẹnu
fún ẹni tí kò rímú mí.
Mo fi wáyà gún un. Nǹkan já: fùú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a wọ ìlú lọ ra ìyẹ̀fun mìíràn.
Orí afárá ni Delmira ti dárúkọ Gastón,
ọmọ wa tó wà ní Montevideo,
tí a ò dárúkọ láti bí ọdún mẹ́rin.
Ó sọ̀rọ̀ lọ títí dé ẹnu ọ̀nà báńkì.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú,
n kò di nǹkan mìíràn.

Lónìí, páálí: ẹ̀kán kan, kò tó ojú ẹyẹ.
Mo tún un tì sábẹ́ ọkọ̀.
Omi matê ti fẹ́ hó.
Kò gbọdọ̀ hó.