Ilẹ̀kùn Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọ̀gá Oyèdòkun kò gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.
Ó ní ẹni tó bá ń tún ọ̀nà ṣe, ó yẹ kí eruku bà á.
Ogún ọdún ló fi gun ọ̀kadà láti Mọ́níyà dé Àpáta,
wáyà aláwọ̀ aró lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀,
tó ń ti orí òkè kan bọ́ sórí òkè kejì,
tó ń bẹ ráútà kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò.

Ráútà kan kò ju páálí bàtà lọ.
Ṣùgbọ́n inú rẹ̀, agbo ilé ni:
yàrá ilé-ìwé Òkè-Àdó kò mọ yàrá báńkì Dùgbẹ̀,
ògiri tí a kò fi bíríkì mọ ló là wọ́n láàárín,
ilẹ̀kùn tí kò ní igi, tí kò ní ìdè,
nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń jẹ́ lórúkọ.
Ọ̀kan wà tí kò já sí ìta rárá,
ara rẹ̀ ló ń já sí.
Wáyà lè já, ẹ̀fúùfù lè wó òpó,
bí ráútà bá ṣì ń mí, òun kì í tì.
Òun ni mo fẹ́ràn jù. N kò mọ ìdí.

Èmi, Mọ́kọ́lá ni mo jókòó sí,
lókè ilé ìtẹ̀wé tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbọn ife omi mi.
Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú fáìlì:
ilẹ̀kùn báyìí níbí, orúkọ rẹ̀ nìyí, kí ó ṣí.
Irinṣẹ́ gba fáìlì, ó jáde láì wọ bàtà,
ó dé gbogbo òkè lẹ́ẹ̀kan náà.
Ohun tó kù, ó fi kún un; ohun tó wọ́, ó tọ́ ọ.
Bí mo bá tún rán an níṣẹ́ kan náà,
á lọ, á bọ̀, á ní:
“Bí o ṣe fẹ́ ni mo bá a. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.”
Ìránṣẹ́ wo ló dára tó bẹ́ẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò ń lu páànù,
mo fi gbólóhùn kan kún àṣẹ mi:
ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kí ó má sí mọ́.
Mo fẹ́ gbálẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í ka eruku.

Aago méjì òru, fóònù ké.
Nọ́ọ̀sì Ṣijúwadé, ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Yemẹtù:
“Dókítà tó ń bá wa wo ọmọ láti òkèèrè
ti pòórá nínú kọ̀ǹpútà.
Ọmọ náà ṣì wà níbí o.”

Mo wo fáìlì. Kò sí Yemẹtù.
Mo wo àkọsílẹ̀ irinṣẹ́, ẹlẹ́rìí tí kò mọ irọ́:
Òkè-Àrẹmọ, ilẹ̀kùn kan. Mo yọ ọ́.

Mo pe ọ̀gá. Mo gbọ́ tó ń wá gíláàsì rẹ̀.
“Ọwọ́ mi ni mo fi ṣí ìyẹn, ọdún kẹfà rèé.
Wọn ò lówó. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan,
torí bí mo bá kọ ọ́, akápò á rí i.”
Ó ka nọ́ńbà náà fún mi látorí,
kò tilẹ̀ dúró mí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Irinṣẹ́ lọ, ó bọ̀: Mo fi ọ̀kan kún un.
Nọ́ọ̀sì ní dókítà ti ń sọ̀rọ̀. Ó pa fóònù láì kí mi.
Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá gun àtẹ̀gùn wa,
ìwé pélébé kan lọ́wọ́ rẹ̀, epo ọ̀kadà ti rin ín.
Ilẹ̀kùn mọ́kànlá. Ilé aránṣọ. Yàrá ìkàwé àwọn afọ́jú.
Opó kan tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.
Mo ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á.
Mo bi í pé kí ni kí n kọ síbi owó.
Ó wo ìka mi, ó wo fáìlì.
“Kọ ọ́ pé, kí ó ṣí.”