Ohun Tí Mo Kọ Sórí Káàdì

Èmi ni mò ń kọ káàdì nílé ìwòsàn n'Ìjerò.
Ọdún kọkànlá rèé lẹ́yìn fèrèsé kan ṣoṣo yẹn.
Mo mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá èèyàn padà sílé.

Èyé wa ń lo hóró funfun kan fún orúnkún.
Dókítà ló kọ ọ́; oògùn Èyé là ń pè é.
Bó bá gbé e mì, a ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á mókun."
Bámitálẹ́ àbúrò mi ń lo hóró kan náà,
páálí kan náà, àwọ̀ kan náà,
kó lè rí apá gbé ṣọ́bìrì nínú kòtò òkúta.
Tirẹ̀ la so ìrù mọ́: oògùn olóró.

Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ báyìí.
Nígbà tó ń wa òkúta látàárọ̀ ṣúlẹ̀,
tí òógùn ń ṣàn, tí owó ń wọlé,
ọ̀gá kòtò ní, "Irin ni ọmọ yìí!"
Bàbá Adéṣuyì ń mu ògógóró kí àkùkọ tó kọ,
a ní àgbà ń fọ ọ̀fun.
Kòtò wó. Owó dá, hóró ò dá.
Irin bá dógùn-ún lẹ́nu wọn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
nígbà tí bàbá wa fi oyin kàn án lẹ́nu,
tó ní kí ó bá òun dé alẹ́.
Ìta ni àwọn yìí wò, wọ́n ní ọmọ ìta.

Redíò ń pariwo: ẹ jẹ́ ká gbógun ti oògùn!
Bẹ́ ẹ bá ti pè é lógun, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀tá.
Mo wá ọ̀tá náà kiri ilé wa.
Mo bá a lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, lórí ẹní,
ó fi wírápà Èyé bora, ó ń gbọ̀n,
ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun bu omi.

Ṣùgbọ́n n kì í ṣe redíò. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.
Ọjọ́ Ẹtì kan, èrò pọ̀, ebi ń pa mí,
mo yí sí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yájowó, mo ní,
"Àwọn amugbó tún ti dé. Jẹ́ kí wọ́n dúró sẹ́yìn."
Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́.
Bámitálẹ́ wà lórí ìlà, ẹni kẹta sí ògiri,
nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀.
Igbó kọ́ ló ń mu. Ọ̀rọ̀ náà ò bèèrè.
Kò bú mi. Ó ká káàdì rẹ̀ sí méjì,
ó gba ẹ̀yìn táǹkì omi lọ.
Oṣù méje.
Alaalẹ́ ni Èyé ń bi mí, "Ṣé ó ti dé ulé?"

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹyin sàn:
tó bá fọ́, a ó gbá èèpo rẹ̀ dànù.
Tèmi ò fọ́. Ó wọ bàtà.
Ó ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀,
ó ṣáájú rẹ̀ dé ilé àna tí kò tíì fẹ́.

Àná ló padà. Ó rù, etí rẹ̀ tóbi.
Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ ń bèèrè, "Ṣé ó ti mọ́ báyìí?"
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìkòkò.
Ó na káàdì sí mi; ojú ibi tó ti ká a
ti gé orúkọ rẹ̀ sí méjì.
"Kí ló ń ṣe ọ́?" Bí mo ṣe ń bi gbogbo ayé nìyẹn.
Ó kàn ń wò mí.
Mo mú tuntun. Mo kọ:
Bámitálẹ́ Fárótìmí. Ọdún mẹ́rìnlélógún.
Kò rí oorun sùn. Ọwọ́ ń gbọ̀n.
Ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọjọ́ tí kòtò wó.
Àyè ṣì kù lórí ìlà, tó ìka mẹ́ta.
Mo mọ ọ̀rọ̀ tí ìlú ì bá fi dí i.
Mo dé bírò.
Mo ní, "Wọlé. Ìwọ ló kàn."